Bánjókòó Adáwà àti Ohùn Tó Pè É Nínú Igbó Ìkẹ́lẹ̀

Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹ rín in kí ó tẹ́ yín lọ́rùn kí ẹ tó jókòó. Mo mọ ohun tí ẹ ń sọ fún ara yín nígbà tí ẹ wọ àgbàlá mi: pé Ọdẹ́gbèmí ti darúgbó, pé orí rẹ̀ kò pé mọ́, nítorí pé ewúrẹ́ kan ké lẹ́yìn ògiri, èmi sì dáhùn pé, "Hòo! Mo ń bọ̀ o!" Òótọ́ ni, mo dáhùn. Bí ó bá tún ké nísinsìnyí, màá tún dáhùn. Èmi tí mo dá nìkan pa ẹfọ̀n ní ẹ̀yìn Òkè Agbé, èmi tí àwọn iwin fi orúkọ mi ń dẹ́rù ba ọmọ wọn kí wọ́n lè tètè jẹun, ṣé ẹ rò pé èmi yóò kàn máa dá ewúrẹ́ lóhùn láìnídìí ni? Ẹ gbé àpótí sún mọ́ ibí. Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, àfi ibi tí mo bá ti fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Bánjókòó ni orúkọ ọkùnrin náà. Nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ó wọ Igbó Ìkẹ́lẹ̀ lọ láti ṣa ìgbín. Oòrùn wà lókè, ara rẹ̀ yá, ó sì ń kọ orin kan tí ó fi ń yin ara rẹ̀ bí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti máa ń ṣe, orúkọ rẹ̀ ni ó sì kún inú orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣàdédé ni ó gbọ́ ohùn kan lókèèrè: "Bánjókòó o! Bánjókòó!" Ó wo iwájú, kò rí ẹnìkan. Ó wo ẹ̀yìn, igi ni ó rí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyá gbogbo wa fi kọ́ wa: bí wọ́n bá pè ọ́ nínú igbó tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má jẹ́ ẹ, iwin ni. Ohùn náà tún pè é. Bánjókòó da ìgbín nù, ó bẹ́ sí eré, kò sì dúró títí ó fi dé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ yìn ín, ó ní ọmọ tó ń gbọ́ràn ni.

Ọdún gorí ọdún. Ẹ̀sìn Kírísítì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilẹ̀ wọn nígbà náà, gbogbo onígbàgbọ́ ìlú lè jókòó sábẹ́ igi kan ṣoṣo kí àyè sì tún ṣẹ́kù. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, oníwàásù wọn ní Ọlọ́run a máa pe ènìyàn ní orúkọ, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò pè é. Bánjókòó fò dìde láàrin ìjọ, ó ká ọwọ́ lérí. "Mo gbé o! Ó ti pè mí, mo sì sá!" Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń wá láyé: kí ó tún gbọ́ ohùn yẹn kí ó tó kú, kí ó sì jẹ́ ẹ.

Ó lọ dágbére fún ìyá rẹ̀. Ó ní òun ń lọ sí ibi tí kò ti sí ohùn ènìyàn kankan, kí ohùn Ọlọ́run má baà sọnù sínú ariwo.

"Ta ni yóò máa bá ọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Kò sí ẹnìkan, Màámi. Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn."

Ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Èmi tí mo sọ ọ́ ní Bánjókòó ni ojú ń tì," ni ó wí, ó sì di iṣu díẹ̀ fún un.

Ó kọ́ ahéré kan sí etí odò kan nínú igbó, ó jókòó, ó ń tẹ́tí. Ó ti bá ara rẹ̀ ṣe ìpinnu pé òun kò ní bá ẹ̀dá kankan sọ̀rọ̀. Ìpinnu náà kò tíì pẹ́ nílẹ̀ tí ọkùnrin kan fi yọ láti inú igbó, okùn ewúrẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ewúrẹ́ lẹ́nu okùn. Láṣebìkan ni orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi ẹnu kí ènìyàn jẹ oyè ni, ọkùnrin yìí ì bá ti di ọba.

"Ẹ kú àdáwà o!" ni Láṣebìkan wí.

Bánjókòó wo ilẹ̀.

"Mo ní ẹ kú àdáwà o! Ẹ kú ilé tuntun! Imọ̀ orí rẹ̀ ṣì tutù bí mo ṣe rí i yìí. Ẹ kú ìrójú!"

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ta ni nínú yín, tí wọ́n tọ́ dáadáa, tí ó lè gbé ìkíni mì? Mo ti dojú kọ ẹkùn rí, ojú mi kò yẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹkùn náà bá ti sọ pé ẹ kú ọdẹ ni, ǹ bá dá a lóhùn. Bánjókòó di eyín pọ̀. Òógùn bò ó. Ọ̀rọ̀ bá já bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ kú ìrìn o. Ilé ńkọ́?"

Ó ti parí nìyẹn. Ẹni tó bá béèrè ilé yóò béèrè ará ilé. Láṣebìkan ní kò sí ẹnìkan nílé, ewúrẹ́ tó sọnù yẹn nìkan ni òun ní. Bánjókòó ní ó mà ṣe o, ó bu omi fún un. Ẹni tó ti mu omi rẹ, o kò lè ní kí ó máa lọ nínú oòrùn. Láṣebìkan mu omi tán, ó wo yíká, ó ní ibẹ̀ tutù, ó sì tẹ́ ewé sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Kò padà sílé mọ́ láyé.

Bí Láṣebìkan bá rí èèrà, yóò ní ẹ kú iṣẹ́. Bí ó bá rí ahun, yóò ní ẹ kú ẹrù. Gbogbo ẹni tó bá sì gba ọ̀nà náà kọjá, ó ń sọ fún wọn pé ẹni Ọlọ́run kan wà nínú ahéré yìí tí kì í sọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá láti wá wo bí ó ṣe ń dákẹ́. Ẹni tó bá wá wò ó, ó ń kí i. Òun náà ń dáhùn. Wọ́n sì ń jókòó. Kí òjò ọdún náà tó dá, ahéré kan ti di ogún ahéré, wọ́n ti ṣe ọgbà yí i ká, wọ́n ti so agogo àdúrà rọ̀, wọ́n sì ti ń bá ara wọn jà lórí ẹni tí yóò se ọbẹ̀. Wọ́n pe ibẹ̀ ní Ilé Adáwà. Ilé Adáwà àkọ́kọ́ nìyẹn, ọkùnrin tó dá a sílẹ̀ kò sì mọ̀ pé òun ń dá nǹkan kan sílẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó mọ̀ ọ́n dákẹ́ jù láàrin wọn, Bánjókòó ká ẹní rẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn ọgbà sá lọ.

Ó rìn títí ó fi dé ẹnu ibodè Igbó Àwọn Iwin. Elétíkan ni iwin tó ń ṣọ́ ibodè náà. Etí kan ṣoṣo ni ó ní, etí náà sì fẹ̀ tó atẹ ìfẹ́kà, àárín orí rẹ̀ ni ó hù sí. Èmi náà ti kọjá níwájú rẹ̀ rí, ìdọ̀bálẹ̀ ni ó fi kí mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi tèmi sílẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni kì í wọlé láìjẹ́ pé ó túmọ̀ àlọ́ mi," ni Elétíkan wí. "Kí ni ó ń wá bá ọ nílé tí kò ní ẹsẹ̀? Bí o bá gbà á, ó parí. Bí o bá kọ̀ ọ́, kò ní kúrò lẹ́yìn rẹ títí o ó fi kú."

"Ebi ni," ni Bánjókòó wí.

"Ebi? O jẹun láàárọ̀, kò ha tún padà wá lálẹ́?"

"Àlejò ni."

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí etí rẹ̀ fi ń mì. "Àlejò ní ẹsẹ̀. Ìwọ ló yẹ kí o mọ̀ jù. Ó dára, màá jẹ́ kí o wọlé, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n rẹ apá òsì yóò wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí o bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀, wá gbà á." Ó fá a mọ́ tónítóní, ó kó o sínú kèrègbè, ó sì gbé e kọ́ ẹ̀ka igi.

Bánjókòó fi irùngbọ̀n apá kan ṣoṣo wọ igbó lọ, ó kọ́ ahéré mìíràn sí abẹ́ àpáta. Àlàáfíà wà. Àfi bí Láṣebìkan ṣe yọ lọ́jọ́ kan, tí àwọn ará Ilé Adáwà tò lẹ́yìn rẹ̀ bí ìjàlọ, tí wọ́n ń kọrin. Wọ́n rí irùngbọ̀n Baba wọn. Wọ́n wo ara wọn. Kò sí ẹni tó béèrè ohunkóhun, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wọn ti fá apá òsì.

"Baba," ni Láṣebìkan wí, ojú rẹ̀ ń dán, "a ti rí àmì náà."

Bánjókòó fẹ́ ṣàlàyé fún wọn. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe sọ fún ogún ọkùnrin tó ti fá irùngbọ̀n tán pé àlọ́ ni òun kò mọ̀? Bí ó ṣe di àṣà àwọn ará Ilé Adáwà títí di òní nìyẹn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ìtumọ̀ mìíràn fún yín.

Ó tún sá lọ. Ó dé Ìlú Ẹlẹ́nu-Àpò, níbi tí olúkúlùkù ti ń tú ẹnu rẹ̀ kúrò lójú tí ó sì ń fi í sínú àpò kékeré kan ní ìbàdí. Bánjókòó rò pé òun ti dé ọ̀run. Kò mọ̀ pé ẹni tí yóò gbọ́rọ̀ àwọn ni àwọn ará ìlú náà ń wá, tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹnu wọn pamọ́. Wọ́n rí ọkùnrin tó jókòó jẹ́ẹ́. Inú wọn dùn gan-an, wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kálukú ń yọ ẹnu jáde láti inú àpò, ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ láti ìgbà èwe wọn ni wọ́n ń sọ. Ilé Adáwà kẹta nìyẹn. Òmíràn hù sí Òkè Olókùúta, òmíràn sí Etí Ọ̀sà. Kò sí ibi tí ó sá lọ láti dá wà tí wọn kò bá a kọ́ agogo sí.

Nígbà tí ó rí i pé òun kò lè bọ́, ó fi òfin lélẹ̀ fún gbogbo ilé wọ̀nyí: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dáhùn ìpè kankan nínú igbó tí kò bá rí ẹnu tó pè é. "Sàtánì lè sín ohùn ẹnikẹ́ni jẹ," ni ó kọ́ wọn. "Ó lè sín tèmi gan-an jẹ. Ẹ má ṣe dá a lóhùn. Ẹ sá." Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta yín lólobó: kì í ṣe Sàtánì ni ó ń dà á láàmú. Ẹ̀rù ń bà á pé bí Ọlọ́run bá pè, ẹlòmíràn yóò jẹ́ ẹ ṣíwájú òun.

Láṣebìkan ni kò lè pa òfin yìí mọ́. Wọ́n wà lórí àdúrà lọ́jọ́ kan, gbogbo wọn dákẹ́ rọ́rọ́, àgbìgbò kan ké lórí igi. Láṣebìkan fò dìde: "Hòo! Ta ló ń pè mí o?"

Inú Bánjókòó ru. Ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. "Bí Ọlọ́run bá pè mí lónìí, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn! Ìwọ ni yóò bi í pé ilé ńkọ́! Kúrò lọ́dọ̀ mi. Jáde!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Baba," ni Láṣebìkan wí, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Bí etí mi bá ti gbọ́ ìpè, ẹnu mi kì í lè dákẹ́." Ó mú okùn ewúrẹ́ rẹ̀, ó kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kí agogo, ó kí ọgbà, ó sì lọ. Ibẹ̀ dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bánjókòó sọ fún mi pé ìdákẹ́jẹ́ náà kò dùn mọ́ òun tó bí òun ti rò.

Kò pẹ́ sí i, Bánjókòó nìkan ń rìn lọ ní ọ̀nà odò, ó gbójú sókè, ó ń tẹ́tí sí ọ̀run. Kò wo ilẹ̀. Àwọn ọdẹ kan ti gbẹ́ ọ̀fìn síbẹ̀, kòtò jíjìn tí a ń fi ewé bò lójú de ẹranko ńlá. Kì í ṣe ọ̀fìn tèmi o. Ohun tí mo bá gbẹ́ ọ̀fìn dè ní í kó sínú ọ̀fìn mi. Ó já sínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yẹ̀, ògiri kòtò náà sì ń yọ̀, kò ṣeé gùn.

Ó gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n ń lọ pọn omi, Olújìnmí tó ń darí wọn ló ṣíwájú. Inú rẹ̀ dùn.

"Olújìnmí o! Olújìnmí! Ẹ wá fà mí jáde!"

Ẹsẹ̀ wọn dúró. "Ẹ gbọ́ ọ?" ni Olújìnmí sọ fún àwọn yòókù. "Baba kò parọ́. Ohùn rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ń sín jẹ."

"Èmi ni, ẹ̀yin òpè! Èmi Bánjókòó ni!"

"Ó mọ bí Baba ṣe ń bú wa pàápàá," ni ẹlòmíràn wí. Wọ́n ju ìkòkò nù, wọ́n bú sí orin, wọ́n sì sá lọ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba ibẹ̀ kọjá, ojoojúmọ́ ni ó ń pè wọ́n, ojoojúmọ́ ni orin wọn ń lé sí i. Ní ìkẹyìn, wọ́n wá ọ̀nà mìíràn lọ sí odò. Òǹgbẹ dá a dúbúlẹ̀. Ìrì ara ewé ni ó ń lá. Ó mọ̀ pé òun yóò kú síbẹ̀, àti pé òfin tí òun fi ẹnu ara òun ṣe ni yóò pa òun.

Níbẹ̀, lórí ẹrẹ̀, ni ọ̀rọ̀ kan ti sọ sí i lọ́kàn. Ó rántí Igbó Ìkẹ́lẹ̀. Ó rántí orin tí ó ń kọ, bí orúkọ rẹ̀ ṣe kún inú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí yóò ti mọ̀ ọ́n. Ó rántí ohùn náà, pé ohùn ẹni tó ti rẹ̀ ni, pé láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni ó ti ń bọ̀. Ó pariwo. Ó sunkún bí ọmọdé, kì í ṣe nítorí ara rẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ̀ náà, tó pè é láti inú ọ̀fìn, ni.

Ó ti ń palẹ̀ ọkàn rẹ̀ mọ́ nígbà tí ó gbọ́ ohùn kan lókè: "Ẹ kú eré o, labalábá! Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin kòkòrò!"

Bánjókòó fi ìwọ̀nba ẹ̀mí tó kù pè é. Kò tó ohùn ọmọ ẹyẹ. "Láṣebìkan."

"Hòo! Ta ló ń pè mí o? Mo ń bọ̀!" Orí Láṣebìkan yọ sí ẹnu ọ̀fìn. "Háà, Baba! Ẹ kú inú kòtò o! Ẹ kú ìyà!" Ó ju okùn ewúrẹ́ náà sí i, ó fi ìdí okùn náà yí igi, ó sì ń fà á títí ó fi fà á jáde.

Nígbà tí Bánjókòó ti mu omi, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "O kò rí ẹnu tó pè ọ́. Ṣé ẹ̀rù kò bà ọ́ pé Sàtánì ni?"

"Bí ó bá jẹ́ Sàtánì, Baba, màá kí i, màá sì bá tèmi lọ," ni Láṣebìkan wí. "Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ènìyàn ńkọ́?"

Wọ́n jọ lọ bá Elétíkan ní ibodè. "Ìpè ni," ni Bánjókòó sọ fún un. "Bí o bá jẹ́ ẹ, ó parí. Èmi kò jẹ́ ẹ." Iwin náà kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó sọ kèrègbè kalẹ̀, ó dá irùngbọ̀n náà padà fún un, ó ti hu ewú. Bánjókòó kó o sínú àpò, ó wo ojú àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́kàn, ó sì gbà pé òun kò ní lè sọ ìdí irùngbọ̀n náà fún wọn mọ́.

Ó kó gbogbo wọn lọ sí Igbó Ìkẹ́lẹ̀. Ó wá ibẹ̀ títí ó fi rí i: ọ̀fìn àtijọ́ kan, ilẹ̀ ti ya bò ó, igi ti hù nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó lè sọ ẹni tó ti wà níbẹ̀, tàbí bóyá ẹlòmíràn ti fà á jáde. Bánjókòó kúnlẹ̀ sí ẹnu rẹ̀. "Hòo," ni ó wí. "Mo dé o. Ẹ má bínú." Kò sí ẹni tó dáhùn. Láṣebìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Etí ọ̀fìn náà ni wọ́n kọ́ Ilé Adáwà ìkẹyìn sí, òfin kan ṣoṣo ni ó sì ní: bí ẹnikẹ́ni bá pè, gbogbo ilé ni yóò jẹ́ ẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó sọ fún mi! Mo lé ìgalà kan wọ Igbó Ìkẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ mi kọ́ gbòǹgbò, ó yẹ̀, mo ṣubú. N kò ní kí ẹnikẹ́ni gbọ́, mo kàn fi ẹnu sọ ọ́ ni: "Ẹ gbà mí o!" Àfi bí gbogbo igi ṣe dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "HÒO! A Ń BỌ̀ O!" Àwọn ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n apá kan ṣoṣo ń yọ láti ìhín, wọ́n ń yọ láti ọ̀hún, igbá omi lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń pariwo pé ẹ kú ìjàm̀bá. Èmi Ọdẹ́gbèmí, apẹfọ̀n, mo fi ẹsẹ̀ tó yẹ̀ náà sáré débi pé ìgalà tí mo ń lé gan-an, mo fi í sílẹ̀ sẹ́yìn lójú ọ̀nà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ ò bá ṣì máa sá lọ títí di òní.

Wọ́n mú mi nígbẹ̀yìn. Wọ́n fi epo ra ẹsẹ̀ mi, Láṣebìkan sì kí mi títí mo fi sùn lọ. Bánjókòó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ nígbà náà. Ó bi mí ìdí tí mo fi sá. Mo ní ìyá mi ló kọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà sì ń bọ́ lọ lẹ́yìn tí ẹ̀rín ti tán. Nígbà tí ó nu ojú rẹ̀ tán ni ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí.

Mo bi í pé, "Baba, ohùn tí ẹ fi gbogbo ayé yín wá, ṣé ẹ tún gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ lónìí," ni ó wí. "Ìwọ ni. Ohùn rẹ sì burú gan-an ni."

Ọ̀rọ̀ mi ti dé ilẹ̀ o, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kí ó rín in tán. Ẹ gbọ́, ewúrẹ́ yẹn tún ti ké. Hòo! Mo ń bọ̀ o! Ẹnìkan nínú yín, ẹ bá mi yọjú wo ẹ̀yìn ògiri. Ó lè má jẹ́ ewúrẹ́.